Omi Igi

Kaur, rọra fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀.
Bàtà rọ́bà yẹn, ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni,
ó tóbi, ó sì fẹ́ràn kí ó máa dá dúró sẹ́yìn.

Lánàá, òjò dídì ṣì wà lórí òrùlé abà.
Lónìí, oòrùn dé bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú,
ó gun èjìká wa jókòó,
mo sì bọ́ ẹ̀wù onírun tí mo ti ń wọ̀ láti oṣù kẹwàá.
Ìyókù yìnyín sá sí ẹ̀yìn abà,
ó lúgọ síbẹ̀, ó dọ̀tí,
bí ajigbèsè tó gbúròó olówó.

Igi mẹ́ta la wá bẹ̀ wò.
Kásìkì là ń pè é ní abúlé wa,
igi funfun tí èèpo rẹ̀ ń ṣí
bí ìwé tí ọmọdé ti kà jù.
Bàbá àgbà rẹ, Endel, ló kọ́kọ́ dá ihò sí wọn lára.
O fi ìka tọ àwọn àpá náà:
ení, èjì, ẹ̀rin.
O fo ẹ̀ta, bí o ti máa ń fò ó. N ò tún un ṣe.
Wọ́n ní ojú àpá kì í jọ ojú ara;
igi yìí kò tíì gbà, ọdọọdún ló ń gbìyànjú.

Mo yọ irin ìdáhò Endel nínú àpò,
ọwọ́ igi rẹ̀ ti dán
níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbé.
Mo yí i, mo yí i, ọwọ́ ń ro mí.
Lẹ́yìn náà:
tó.
Tó.
Tó, sínú garawa.

“Ṣé igi ń sunkún ni?”
Rárá o. Ó jí ni.
“Kí ló jí?”
Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di igi mú.
Kò jí nǹkan kan, ọmọ mi, ojú oorun ló ti jí.
Bí olè bá wà níbí, èmi ni.

O mu ún nínú ife páànù, o fajú ro:
“Omi lásán ni.”
Àfi ìgbà tí ahọ́n rẹ rí adùn náà,
adùn kékeré, bí orúkọ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.
O ní kí n tún bù sí i.

Ẹyẹ àkọ̀ kan bà sórí òpó iná Kalju,
ó ń fi àgógó pàtẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀.
Níbo ló ti ń bọ̀? Ọ̀nà jíjìn,
ibi tí oòrùn kì í ti í rẹ̀.
“Kí ló wá padà wá ṣe níbí?”
Kaur, mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn
ní oṣù kejì, lọ́jọ́ tí ìlẹ̀kùn dì pa.

O da ìdajì ife rẹ sí ìdí igi.
“Kí òun náà mu díẹ̀.”
Endel ì bá ti pariwo. Ahun ni,
mo fẹ́ ẹ tòun tahun rẹ̀.
Mo tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, sí ẹnu ọ̀nà abà.
Ọmọ adìyẹ kan ló wà níbẹ̀, ó ń yá oòrùn.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ewé á là, omi á korò,
a ó gbẹ́ igi kékeré, a ó fi dí ihò náà.
Ní báyìí o ti sùn sínú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù,
garawa wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ.
Mo ń tì yín lọ. Omi ń ta sí ọ ní ṣòkòtò.

Ìyá rẹ pè láti Tallinn.
Kí lẹ ṣe lónìí?
A ò ṣe nǹkan kan.
Ṣé ó ti jí?
Kò tíì jí. Èmi ni mo ń jí.
Ẹ ní kí ni?
Mo ní nẹ́tíwọ́kì ò dára.